Àtúnṣe Tó Bọ́ Sásìkò Ni Ẹ̀mí Ilé Ìfọpo

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Olúwa tó jẹ́ ká rí i, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí àwa mẹ́ta tí a ti jẹun nídìí iṣẹ́ epo àti gáàsì wá bá ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, ìbéèrè kan ni wọ́n gbé lé wa lọ́wọ́: kí ló dé tí ilẹ̀ tó ti rí epo rọ̀bì láti ọdún 1956 fi ń tò sí ilé epo? A ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdáhùn. Àwọn kan ní olè ló fà á. Àwọn kan ní òṣèlú ni. A kò ní pé irọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí nídìí ẹ̀rọ kì í sábà hàn nínú ìdáhùn wọ̀nyẹn, òun la sì fẹ́ sọ lónìí. Ilé ìfọpo kì í kú lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kú, látorí àtúnṣe kékeré tí a ń sún síwájú. Díẹ̀díẹ̀ náà la sì fi ń mú un yè.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fọ epo. Ẹni tó bá ti dé ìhà Ìlàjẹ tàbí Ìkálẹ̀, tó rí bí wọ́n ṣe ń se ògógóró, ti mọ ìdajì rẹ̀. Wọ́n á da ẹmu tó ti kan sínú àgbá, wọ́n á dáná sí i nídìí, oru rẹ̀ á gba inú páìpù kọjá nínú omi tútù, á sì di ọtí tó ń kán sínú ìgò. Ohun tí ilé ìfọpo ń ṣe nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo ló ń gbé jáde. Iná ìléru á mú epo rọ̀bì gbóná tó nǹkan bí 350°C, wọ́n á sì rán an sínú ilé gogoro onírin. Èyí tó fúyẹ́ á gòkè: gáàsì ìdáná àti èyí tí wọ́n fi ń ṣe bẹntiróòlù. Kẹrosíìnì àti epo bàálù á dúró láàárín, dísù á wà nísàlẹ̀ wọn, èyí tó wúwo bí ọ̀dà á sì kù sí ìdí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀rọ mìíràn, kí imí ọjọ́ inú rẹ̀ lè kúrò, kí epo wúwo sì lè di epo fúyẹ́.

Ti gáàsì kò jìnnà sí i. Gáàsì tó ń ti inú ilẹ̀ bọ̀ kì í dá wá; omi àti epo fúyẹ́ máa ń bá a jáde. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ omi kúrò, kó má baà dì bíi yìnyín nínú páìpù. Wọ́n á sì ya irú èyí tí à ń rà sínú sílíńdà sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń lọ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná. Ní Bonny, níbi tí ọkọ̀ òkun ti kọ́kọ́ gbé gáàsì olómi jáde nílẹ̀ wa lọ́dún 1999, wọ́n ń mú gáàsì tutù dé 162°C sísàlẹ̀ òdo títí á fi di omi, tí èyí tó gba àyè 600 tẹ́lẹ̀ á wá gba àyè 1 péré.

Ibi tí owó ń gbà jò

Ilé ìfọpo máa ń jẹ nínú ohun tó ń sè. Iná tó ń dá, ooru omi tó fi ń yí ẹ̀rọ, iná mànàmáná tó ń lò, inú epo àti gáàsì tó gbà wọlé ló sábà máa ń yọ wọn. Ó lè tó ìdá márùn-ún sí mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá dín ẹyọ àgbá kan ṣoṣo kù nínú 100 tó wọlé, lójoojúmọ́, ti rí èrè tí kò gbẹ́ kànga tuntun fún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dín in kù? Ọ̀nà tó tóbi jù ni kí ooru má ṣòfò. Dísù tó ń ti inú ilé gogoro bọ̀ gbóná, ó sì gbọ́dọ̀ tutù kó tó wọ tánkì. Epo rọ̀bì tó ń wọlé tutù, ó sì gbọ́dọ̀ gbóná. Wọ́n á wá jẹ́ kí méjèèjì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú ẹ̀rọ ìpààrọ̀ ooru, ọ̀kan nínú páìpù, èkejì lẹ́yìn páìpù, láìdàpọ̀. Kí epo rọ̀bì tó dé iwájú iná ìléru, ó ti gbóná ju 200°C lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n èérí máa ń lẹ̀ mọ́ páìpù yẹn, bí funfun ṣe ń dì sínú kẹ́tù tí a fi ń se omi kànga. Bí èérí bá ṣe ń nípọn sí i, bẹ́ẹ̀ ni ooru kò ní lè kọjá, iná ìléru á sì máa jẹ epo sí i. Kò sí ariwo, kò sí èéfín. Owó ló kàn ń lọ. Ẹni tó ń ka ìwọ̀n ooru àbáwọlé àti àbájáde lójoojúmọ́ nìkan ló máa mọ̀, òun ló sì máa sọ ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà fọ̀.

Ibòmíràn tí owó ń gbà lọ ni iná tó ń jó lórí ọ̀pá gíga. Iná yẹn ní ìwúlò. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lójijì, gáàsì inú páìpù gbọ́dọ̀ ríbi lọ, kó má baà bú gbàù. Àmọ́ iná tó yẹ kó jẹ́ ti pàjáwìrì ti di ti ojoojúmọ́ ní Niger Delta. Láti ọdún 1979 ni òfin ti wà pé kí sísun gáàsì dáwọ́ dúró, wọ́n sì fi ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1984 ṣe gbèdéke. Iná ń jó síbẹ̀. Lára ohun tó fà á ni pé ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ láti tì í sínú páìpù kò sí níbòmíràn, níbòmíràn ó wà ṣùgbọ́n ó ti dákẹ́. Bó bá ti dákẹ́, yálà kí wọ́n ti kànga, tàbí kí wọ́n sun gáàsì. Sísun ni wọ́n sábà ń mú.

Mẹ́rin tí a kọ́

Ilé ìfọpo àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Port Harcourt lọ́dún 1965. Ti Wàrí tẹ̀ lé e lọ́dún 1978, ti Kàdúná lọ́dún 1980, èkejì ní Port Harcourt lọ́dún 1989. Lórí ìwé, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè fọ àgbá 445,000 lóòjọ́.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àsìkò tí wọ́n gbọ́dọ̀ pa á, tú u palẹ̀, wo inú rẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti jẹ, kí wọ́n tó tún un dá. Ọ̀pọ̀ ilé ìfọpo láyé ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Ó dà bí ìgbà tí a bá gbé mọ́tò lọ bá mẹkáníìkì nígbà tó ṣì ń rìn. Tiwa, wọ́n ń sún un síwájú: owó kò jáde lásìkò, ìjọba yí padà, wọ́n ní kí wọ́n ṣì máa lò ó bẹ́ẹ̀. Epo rọ̀bì tó yẹ kó máa dé náà kò dé déédéé, nítorí àwọn tó ń bẹ́ páìpù. Ti Kàdúná tún le, torí ọ̀nà jíjìn láti Escravos gba Wàrí ni epo rẹ̀ ń gbà dé. Ẹ̀rọ tó ń dá, tó ń kú, tó tún ń dá, máa ń tètè gbó ju èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìdúró lọ, nítorí gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ ń ṣẹ́ irin.

Ẹ wo iye tí ìsúnsíwájú ń jẹ. Lọ́dún 2021 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 1.5 dọ́là fún àtúnṣe ti Port Harcourt nìkan. Oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni wọ́n kéde pé ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún ọdún 2025, wọ́n tún ti tì í fún àtúnṣe. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọ̀ ara ló ń fa èyí. Ní Longford, ní ìpínlẹ̀ Victoria lórílẹ̀-èdè Australia, Esso ní ilé iṣẹ́ gáàsì kan. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1998, páǹpù tó ń ti epo gbígbóná káàkiri ibẹ̀ dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan. Irin tó máa ń gbóná tó 100°C wá tutù dé 48°C sísàlẹ̀ òdo. Nígbà tí wọ́n tún da epo gbígbóná sí i, irin náà sán bí ife gíláàsì tutù tí a da omi híhó sí. Gáàsì tú jáde, iná sọ. Ènìyàn méjì kú, mẹ́jọ fara pa, gbogbo ìpínlẹ̀ náà kò sì rí gáàsì lò fún ohun tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ilé iṣẹ́ náà kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ. Ìgbìmọ̀ ìwádìí ìjọba kò gbà. Wọ́n rí i pé ẹnikẹ́ni kò kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ohun tí òtútù ń ṣe fún irú irin bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1992 ni wọ́n ti kó àwọn ẹnjiníà kúrò níbẹ̀ lọ sí Melbourne. Àyẹ̀wò ewu tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ àtijọ́ náà, wọ́n sún un síwájú, wọn kò sì ṣe é mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹnjiníà tó mọ ìwé àti òṣìṣẹ́ tó mọ ohùn ẹ̀rọ, bí wọn kò bá sí níbì kan náà, ilé ti ya.

Ní Richmond, ní California lọ́hùn-ún, páìpù kan wà nílé ìfọpo Chevron láti ọdún 1976. Imí ọjọ́ inú epo ń jẹ ẹ́ láti inú, ó ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lọ́dọọdún. Àwọn tó mọ̀ nípa irin ti gbà wọ́n nímọ̀ràn láti yẹ irú páìpù bẹ́ẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Wọn kò ṣe é. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2012 ó bẹ́. Òṣìṣẹ́ 19 ni èéfín epo bò mọ́lẹ̀, Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n nǹkan bí 15,000 ará àdúgbò ló wá ìtọ́jú lọ sílé ìwòsàn. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìyẹn, bó bá fetí sí ohun tó gbọ́.

Ohun tí àwọn tó ń ṣe dáadáa ń ṣe

Àkọ́kọ́, wọ́n ń gbọ́ ẹ̀rọ kó tó ké. Páǹpù tó fẹ́ bàjẹ́ máa ń gbọ̀n ju bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń gbóná. Ohun èlò kékeré wà tí wọ́n ń gbé lé e láti ka gbígbọ̀n náà, òmíràn wà tó ń fi ìró wọn bí páìpù ṣe nípọn tó láìgé e. Wọ́n á kọ òǹkà sílẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n á fi ti òní wé ti àná. Àìtètèmólè ló ń mú olè mólóko.

Èkejì, wọ́n ń tọ́jú ohun èlò pamọ́. Níbì kan tí a ti ṣiṣẹ́ rí, bẹ́árìn páǹpù kan bàjẹ́. Ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé ni. Kò sí òmíràn nílé ìkóhunsí, bẹ́ẹ̀ ni páǹpù kejì tó yẹ kó dúró dè é ti ń retí àtúnṣe fún oṣù púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni apá kan ilé iṣẹ́ náà fi wà láìṣe nǹkan kan, kí bẹ́árìn tó dé láti òkè òkun. Gbogbo wa la jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Ẹ̀kẹta, wọn kì í fi ẹnu nìkan gbé iṣẹ́ fún ara wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1988, lórí Piper Alpha nínú òkun àríwá ilẹ̀ Scotland, àwọn tó ṣiṣẹ́ ọ̀sán ti yọ fáàfù ààbò kan kúrò lára páǹpù tí wọ́n ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ náà kò dé etí àwọn tó gba iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tí páǹpù kejì dákẹ́, wọ́n tan èyí tí kò ní fáàfù. Ènìyàn 167 ló bá a lọ. Láti ìgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí bó ṣe yẹ, ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀ á jọ dúró síwájú ìwé, wọ́n á kà á pọ̀, wọ́n á jọ fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹrin, ẹni tó kéré jù lè ní kí iṣẹ́ dúró. Bí wẹ́dà tàbí ẹni tó ń ṣọ́ òǹkà bá rí ohun tí kò tọ́, tó bá ń bẹ̀rù pé ọ̀gá á bínú, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè gba ilé iṣẹ́ yẹn là. Àwa Yorùbá mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ kò sọ pé kí ọmọ dákẹ́ nígbà tí ejò bá wà lábẹ́ àga bàbá rẹ̀.

Ibi tó ti kàn wá

Ẹlòmíràn lè ní, kí ló kan ẹgbẹ́ wa nínú èyí? Ó kàn wá púpọ̀. Ilé ìfọpo tó tóbi jù ní Áfíríkà ti wà ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kkí, lórí ilẹ̀ wa níbí. Ti Dangote ni, ó lè fọ àgbá 650,000 lóòjọ́. Wọ́n ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, dísù àti epo bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, bẹntiróòlù sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹsàn-án. Inú wa dùn sí i. Àmọ́ ti Port Harcourt náà jẹ́ tuntun rí. Ohun tó máa jẹ́ ká mọ̀ bóyá ti Lẹ́kkí máa pẹ́ ni irú ọwọ́ tí yóò wà nídìí rẹ̀ ní ogún ọdún sí i. Ọwọ́ ta ni? Àwọn ọmọ tó ń sáré kiri nínú gbọ̀ngàn yìí ni.

Gáàsì náà ń gba ilẹ̀ wa kọjá. Òun ni ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn ní Ìkòròdú, tó lè mú mẹ́gáwáàtì 1,320 jáde, ń lò. Láti Ìtòkí ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni páìpù tó lé ní kìlómítà 600 ti mú gáàsì gba Badagry, ó wọ inú òkun, ó dé Kùtọnu, Lomé àti ilẹ̀ Ghana. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, ìdákọ̀ró ọkọ̀ kan fa páìpù náà ya lórí omi Togo, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́ títí di àárín ọdún 2013. Àwọn ìbátan wa tó wà ní Bìnì kò fọ epo, síbẹ̀ bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́ níbí, ó lè kan iná ilé wọn. Gbígbẹ́kẹ̀lé ènìyàn kò dùn bí ẹni náà kò bá ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Nílé wa náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi pa ojú ibi tí rọ́bà gáàsì ti wọ sílíńdà. Bó bá hó, ó ń jò nìyẹn. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá pálá sí. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀, ẹ má tanná, ẹ má ṣáná, ẹ ti sílíńdà, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Rọ́bà tó ti ń ya kò gba ọ̀la.

Àbá wa fún ẹgbẹ́ ni èyí. Láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, owó tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́, yunifásítì nìkan ni à ń fi í rán ọmọ lọ. Ó dára, ẹ má jẹ́ ká dá a dúró. Ṣùgbọ́n lọ́dún kọkànlá yìí, ẹ jẹ́ ká ya ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ inú ilé ìfọpo: wẹ́dà tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹni tó ń tún ohun èlò ìkà-òǹkà ṣe, ẹni tó ń yẹ irin àti páìpù wò. Petroleum Training Institute ní Effurun nítòsí Wàrí ń kọ́ irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Àwa mẹ́ta ti ṣe tán láti bá ọmọ kọ̀ọ̀kan rìn: a óò wo ìwé rẹ̀, a óò sì kọ́ ọ ní ohun tí ìwé kò kọ. Tí ilé bá gba àbá yìí ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí wọ́n kọ orúkọ wa sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tó pé ọdún mẹ́wàá láìtúká kì í ṣe orí ire nìkan. Ẹnì kan ń kọ ìwé ìpàdé, ẹnì kan ń lọ bẹ ẹni tó ń bínú, ẹnì kan ń san owó oṣù nígbà tí kò rọrùn. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún nídìí ẹ̀rọ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Olúwa kò ní jẹ́ kí iná jó wa nílé, kò ní jó wa lóko. Ẹgbẹ́ wa kò ní bàjẹ́, ọmọ wa kò ní tò sí ilé epo bí a ṣe tò. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.